Ó Ń Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n, Ó Ń Gbọ̀n ní Òkèṣà

Bí ènìyàn bá sọ fún mi pé ọkọ̀ òun ń gbọ̀n, n kì í béèrè ohun tó ti rà sí i. Ìgbà tó ń gbọ̀n ni mo máa ń béèrè. Ṣé láàárọ̀ kùtù ni, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná? Ṣé tó bá dúró sójú kan ni, àbí tó bá ń sáré? Tí o bá ki jíà sí D, tí o tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ṣé ó ń le sí i? Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn débi pé wọ́n ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Kò burú. Ọkọ̀ tí mo ń wà ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Camry ọdún 1998 ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Pencil Light, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnì 2.2. October 1, 1996 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, nítorí náà bí ọdún méjì péré ni ìpínlẹ̀ wa fi ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló sì ti gba ọwọ́ awakọ̀ oríṣiríṣi kọjá. Òun ni mo ń gbé lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Adó, òun náà ni mo ń gbé lọ kí ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè lópin ọ̀sẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Tí gòsílóò bá ká wa mọ́ Òkèṣà ní Adó, abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì, tó yẹ kó dúró sí nǹkan bíi 750, á bọ́ sí 500, á sáré gòkè, á tún bọ́. Sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ á máa ró. Láàárọ̀ kùtù ló máa ń burú jù. Tí ọkọ̀ iwájú bá wá ṣí, tí mo tẹ tọ́tù, kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀: á kọ́kọ́ dákẹ́, ẹ̀yìn náà ni yóò fò síwájú lójijì. Àwọn ọlọ́kadà tó bá wà lẹ́yìn mi kò sì ní sùúrù fún irú ìdákẹ́ yẹn rárá. Ìyá mi jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ọkọ̀ rẹ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ṣé o ti fún un ní nǹkan lò?”

Mo ti fún un ní nǹkan lò. Àwọn èèyàn ló pọ̀ tí wọ́n ń júwe oògùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, ni. Òmíràn ní kí n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, èyí tí kò burú, plọ́ọ̀gì kì í ṣe ohun ayérayé. Ẹnì kan tí kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní pọ́ńpù epo ti kú. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta páàtì sì ní airflow, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, ni, pé Belgium gidi wà lọ́wọ́ òun, òun á ṣe é fún mi ní ẹ̀dínwó.

Ti pọ́ńpù yẹn ni kò wọ̀ mí létí, nítorí òkè. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọ̀nà Adó sí Ẹ̀fọ̀n, ẹ mọ̀ pé láti Ìyìn, Ìgèdè, títí dé Àrámọkọ, wàhálà ibẹ̀ kò pọ̀. Tí o bá fi Ìtawùrẹ́ sílẹ̀ tí o dojú kọ Ẹ̀fọ̀n, ìgbà náà ni ọkọ̀ á mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Mo gun òkè yẹn nígbà ọyẹ́, àwa mẹ́rin nínú ọkọ̀, àpò gàrí àti iṣu ní búùtù, mo tẹ tọ́tù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ọkọ̀ náà sì gùn ún láìkọsẹ̀. Kò gbọ̀n, kò fà sẹ́yìn. Pọ́ńpù epo tó bá ń kú, orí òkè ló ti máa ń dójú ti ènìyàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń béèrè epo jù. Tó bá lè fún ẹ́ńjìnì lépo tó tó lókè Ẹ̀fọ̀n, kí ló dé tí kò ní lè fún un ní ìwọ̀nba tó nílò níwájú Òkèṣà, níbi tí a jókòó sójú kan?

Ti airflow rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ mi kò ní in. Camry plọ́ọ̀gì mẹ́fà ìgbà yẹn ló ní airflow. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin kò wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé rárá. Ohun tó ń wọ̀n ni agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú manifold, ìyẹn páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, nípasẹ̀ sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní MAP. Họ́ọ̀sì rọ́bà tín-ín-rín kan ló so sẹ́ńsọ̀ náà mọ́ manifold. Mo bi ọ̀gbẹ́ni oníbẹ́ljíọ̀mù yẹn ibi tí yóò ti so airflow rẹ̀ mọ́. Ó ní tí mo bá ti rà á, rẹ́wáyà á mọ ibi tó ń lọ.

Bàbá kan wà lójú ọ̀nà Ìkéré tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe látìgbà tí kábúrétọ̀ ṣì pọ̀ nígboro. Kò ní páálí orúkọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, igi máńgòrò ni àwọn oníbàárà fi ń júwe ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbé e lọ. Kò bi mí ní orúkọ páàtì kankan. Ó ní kí n tan án, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní kí n pa á, ó sì ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tò wọ́n sórí ẹ́ńjìnì bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Plọ́ọ̀gì tuntun ni wọ́n, n kò tíì lò wọ́n pẹ́. Àlàfo ẹnu wọn pé 1.1 mm bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dúdú kirikiri, dúdú gbígbẹ, èyí tí kì í ṣe ti ọ́ìlì. Bàbá mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò nù ún, èéfín dúdú náà sì lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ imú mi.

“Tíṣà, kí lẹ gbọ́?”

“Epo ni, Bàbá.”

“Ẹ ṣé o. Àwọn tó ní pọ́ńpù yín ti kú, ṣé imú wọn dí ni?”

Ẹ́ńjìnì tí epo kò tó fún, plọ́ọ̀gì rẹ̀ á funfun. Èyí tó ń jẹun dáadáa, plọ́ọ̀gì rẹ̀ á ní àwọ̀ búráwùn tó ṣá. Tèmi ń yó lápọ̀jù. Ìwọ̀n tí epo bẹntiróòlù ń fẹ́ ni kí afẹ́fẹ́ jẹ́ ìlọ́po 14.7 epo, bí a bá fi òṣùwọ̀n ìwúwo wọ̀n wọ́n. Tí epo bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, kò ní jó tán, yóò di èéfín, ẹ́ńjìnì á sì máa gbọ̀n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì dúdú, kì í ṣe ẹyọ kan, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe injẹ́tọ̀ kan ṣoṣo, ẹnu tó ń fín epo sí ẹ́ńjìnì, ló ń jò. Ohun kan ń purọ́ fún bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, lórí gbogbo wọn pọ̀.

Mo ní sìkánà kékeré oní-Bluetooth tí mo máa ń so mọ́ fóònù. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ilẹ̀ wọn máa lo irú ihò sìkánà kan náà, ìdí nìyẹn tí Tòkunbọ̀ 1998 fi lè bá fóònù òde òní sọ̀rọ̀. Iná ẹ́ńjìnì kò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí kóòdù kankan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sìkáànù fún wa ti ń jáwọ́: wọ́n á ní “kò gbé nǹkan kan wá,” wọ́n á gba owó wọn. Ṣùgbọ́n kóòdù kọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú sìkánà. Ẹ lọ sí ibi tí ó ti ń fi nọ́ńbà hàn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bíréènì bọ́ọ̀sì ń gé epo kúrò ní ìwọ̀n 21 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí sìkánà ń kọ ní -21. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà ti ń pariwo fún un pé epo ti pọ̀ jù, ó ń gé e, ó ń gé e, kò tó. Ohun tó sì fà á tí àárọ̀ kùtù fi burú jù nìyẹn: sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kì í ríran títí yóò fi gbóná tó nǹkan bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, kò sí ẹni tó ń bá a dín epo kù.

Bàbá kì í lo fóònù fún irú nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ọn. Mo fi nọ́ńbà MAP hàn án. Nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, ó kà tó 96 kPa, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Etíkun ni wọ́n ti máa ń rí 101. Adó ga ju etíkun lọ ní mítà tó lé ní 400, afẹ́fẹ́ wa fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà tí a tan án tí ó wà ní sílóò, ìyẹn láìtẹ tọ́tù, ó yẹ kó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 30 sí 35. Ó dúró sí 52.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí tọ́tù, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá. Písítìnnì ń fà, kò rí fà, agbára afẹ́fẹ́ inú manifold á wálẹ̀ gan-an. Bíréènì bọ́ọ̀sì á rí nọ́ńbà kékeré, á mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń sinmi, á fún un ní epo díẹ̀. Tí o bá tẹ tọ́tù kanlẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu, inú manifold á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìta dọ́gba, nọ́ńbà á sún mọ́ 96, epo á sì tú jáde. Wàyí o, tí họ́ọ̀sì tó lọ sí sẹ́ńsọ̀ bá ya, afẹ́fẹ́ ìta á máa yọ́ wọ inú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ á ka 52 níbi tó yẹ kó ka 33. Bíréènì bọ́ọ̀sì á rò pé a ti gbéra, pé a ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé a jókòó níwájú Òkèṣà ni. Á da epo lé ẹ́ńjìnì lórí. Ṣùgbọ́n tí a bá wá ń gun òkè ní tòótọ́, tí ẹsẹ̀ kanlẹ̀, inú họ́ọ̀sì àti ìta ti dọ́gba, ihò tó wà lára rẹ̀ kò ní nǹkan kan tí yóò jò. Nọ́ńbà á tọ̀nà. Epo á tọ̀nà. Ọkọ̀ á gun Ẹ̀fọ̀n bí ó ṣe yẹ.

Bàbá kò dúró gbọ́ gbogbo èyí. Ó ti tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnì, ó ń fi ìka méjì tọ họ́ọ̀sì náà láti ìdí dé orí. Lójú lásán, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó dé apá ibi tó ti wọ ẹnu manifold, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì là. Rọ́bà náà ti gan, ooru ti jẹ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Bàbá fi àtàǹpàkò dí ojú ibi tó là, ó fún un mọ́ ọwọ́. Ìró ẹ́ńjìnì yí padà kó tó gbójú sókè wò mí. Gbígbọ̀n náà fà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ lọ sí 750, ó dúró. Ó gbé ọwọ́ kúrò, gbígbọ̀n padà. Ó tún dí i. Ó ṣe é títí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

Họ́ọ̀sì tuntun tí a gé ní ìwọ̀n kan náà kò tó owó tí mo fi ń jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn rẹ̀, MAP wálẹ̀ sí 33, gígé epo náà sì ń lọ sókè sódò láàárín -3 sí +2. N kò ní purọ́, epo tí mo ń rà dín kù débi tí mo fi ṣàkíyèsí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan fò láti ohun tí kò tó 200 náírà lọ sí nǹkan bíi 500, tí kò sì padà wálẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó lè ní ọkọ̀ tó ń mu epo lápọ̀jù kó má mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ kì í fi àìsàn kan ṣoṣo ṣe ara rẹ̀ léṣe. Sílóò ti dúró, síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí mo bá tẹ tọ́tù láti gbéra, ó ṣì máa ń jẹ́ẹ̀kì. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, kò sí nǹkan kan. Òjò nìkan.

Omi àti iná ni mo fura sí. Mo dúró di alẹ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí àdúgbò ṣókùnkùn, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tan ẹ́ńjìnì, mo pa tọ́ọ̀ṣì. Ike tí ìyàwó mi fi ń wọ́n omi sí aṣọ tó bá fẹ́ lọ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fín omi díẹ̀, bí ìrì, sórí àwọn wáyà plọ́ọ̀gì láti òkèèrè. Iná búlúù tín-ín-rín kan fò jáde láti ara wáyà kẹta, ó kan irin ẹ́ńjìnì, ó pòórá, ó tún fò. Pẹ̀lú gbogbo fífò rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń kọsẹ̀. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ dáná sun ilé?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ má dán an wò tí ẹ bá ń gbọ́ òórùn epo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà yẹn: fóltì tó wà nínú rẹ̀ lè ju 20,000 lọ.

Tí o bá tẹ tọ́tù lójijì, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á wọlé, ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnì á ki, iná á sì nílò agbára sí i kó tó lè fò lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Wáyà tó ti gbó, tí omi ti bà sí lára, á fi ọ̀nà tó rọrùn hàn án: dípò ẹnu plọ́ọ̀gì, irin ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà. Ìdí nìyẹn tí jẹ́ẹ̀kì náà fi máa ń wá nígbà tí mo bá ń gbéra láàárọ̀ òjò, tí òkè Ẹ̀fọ̀n nígbà ọyẹ́ kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ra wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun. Ẹ má ra ẹyọ kan. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dàgbà.

Ọkọ̀ tiyín lè yàtọ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ní airflow, afẹ́fẹ́ tó bá yọ́ wọlé lẹ́yìn airflow kò ní kà, epo á wá kéré jù. Nọ́ńbà gígé epo yẹn á lọ sí apá kejì, +15, +20, ìyẹn pé ó ń fi epo kún un, bóyá kóòdù P0171, tó ń sọ pé epo kéré jù, á wá tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ tọ́tù títí abẹ́rẹ́ yíyí ẹ́ńjìnì fi dé 2,500, kí ẹ dúró níbẹ̀. Tí nọ́ńbà gígé epo náà bá wálẹ̀ sún mọ́ òdo, afẹ́fẹ́ ló ń jò níbì kan. Tó bá ń gòkè sí i, ẹ yẹ airflow tó dọ̀tí wò, tàbí fílítà epo, tàbí pọ́ńpù tí wọ́n dá lẹ́bi lásán lórí tèmi. Èyí tí tọ́tù rẹ̀ bá le ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́, tó wá já lójijì, èérí dúdú ló dì mọ́ etí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́. Èyí ẹ lè fọ̀ fúnra yín. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n, ẹ má fi irin họ ọ́.

Mo bi Bàbá ìdí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń yára sọ pé kí a ra pọ́ńpù, kí a ra eléyìí, kí a ra tọ̀hún. Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú epo àti ọṣẹ, kò gbójú sókè. Ó ní, “Tíṣà, bí mo bá fi wákàtí mẹ́ta wò ó, tí mo wá ní kí ẹ san owó wíwò, ẹ ó ní olè ni mí. Bí mo bá ta pọ́ńpù fún yín, ẹ ó san án, ẹ ó tún dúpẹ́.” N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni. Àwa tí a gbé ọkọ̀ wá ni a kì í fẹ́ sanwó fún ojú àti etí. Ohun tí a bá lè fọwọ́ mú nínú páálí nìkan ni a ń kà sí iṣẹ́. Mẹkáníìkì tó fẹ́ jẹun á wá fi owó ojú rẹ̀ pamọ́ sínú owó páàtì, páàtì tí ọkọ̀ kò nílò á sì wọ ọkọ̀. N kò gbà pé ìyẹn sọ gbogbo wọn di aláìmọ̀ṣẹ́. Àwọn kan kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n, a kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Mo san owó wíwò fún Bàbá. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀kan, ó yọ díẹ̀ padà fún mi, ó ní kí n fi ra epo. Tí mo bá tan ẹ́síì, sílóò ṣì máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé ara rẹ̀ sókè; ó ní ohun tó ń bá ẹ́ńjìnì ṣí afẹ́fẹ́ sí i nígbà yẹn ló ti ń le. Mo máa gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé, tí òkú ṣíṣe kò bá gbé e lọ síbòmíràn.